Àtàǹpàkò Tí Kò Ní Ìlà

Orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, òmìnira kò sì tíì pé ọdún márùn-ún. Karíyẹ̀ẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí a ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Dassa. Bàbá Firmin, ará Kèrè, ni olórí wa. Láàárọ̀, Bàbá á da omi sórí àpáta, á dúró wò ó. Ibi tó bá gbẹ kẹ́yìn ni àpáta ti sán nínú, ibẹ̀ ló ń ní ká ki irin bọ̀. Kì í ṣì í.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Kútọnu. Ó ní ọmọ náà ni ṣẹ́ẹ̀fù tuntun, olórí iṣẹ́, torí ó ní dìpúlọ́ọ̀mù ilé-ìwé; kí Bàbá Firmin lọ máa ru òkúta. Ọmọ tí kò di òòlù mú rí! Inú bí mi gan-an.

A da iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo kọ lẹ́tà wa, pé kí wọ́n dá Bàbá padà sípò, torí èmi nìkan ni mo ní sẹ́tífíkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì lò ju oṣù kan lọ níbẹ̀. Mo ti mú kálámù láti fọwọ́ sí i nígbà tí mo rí Bàbá Firmin àti àwọn yòókù tó ń tẹ̀ka. Mo gbé kálámù sílẹ̀, mo tẹ tèmi náà.

Ọ̀gá wo lẹ́tà náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Irú ìka wo nìyí? Kò sí ìlà nínú wọn. Ìwé yìí kò wúlò.”

Òótọ́ ni. Òkúta ti jẹ ìlà àtàǹpàkò wọn tán. Ó wá nàka sí ọ̀kan.

“Èyí nìkan ló ní ìlà. Ta ló ni ín?”

“Èmi ni, Mùsíẹ̀.”

“Ìwọ tí o mọ̀wé? Wá sí bírò lọ́la, kí o máa bá wa tẹ̀wé. Fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀.”

N kò ní parọ́ fún yín, iṣẹ́ bírò náà wù mí. Bàbá Firmin kò wò mí rárá. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ tàdáwà tó wà lórí tábìlì ọ̀gá, mo fi ra ojú ìka tí mo ti tẹ̀ títí ó fi dúdú kirikiri.

“Gbogbo wa ti dọ́gba báyìí, Mùsíẹ̀. Ẹ ka gbogbo wa, tàbí kí ẹ lọ fi dìpúlọ́ọ̀mù fọ́ àpáta.”

Wọ́n sì gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn èèyàn wá láti Paouignan. Ọjọ́ mẹ́rin ni irin wọn fi há sínú àpáta. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá.

Ó padà sípò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kí n má purọ́ mọ́ ọn. “Sùúrù, ọmọ mi,” ni Bàbá máa ń wí fún un, “jẹ́ kó gbẹ ná.” Ṣùgbọ́n wọn kò kọ “ṣẹ́ẹ̀fù” síwájú orúkọ Bàbá títí ó fi kú. Wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní orúkọ yẹn, n kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ní tèmi, bírò kò pè mí mọ́. Mo fọ́ òkúta dàgbà.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ gba káàdì ìdánimọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ nu àtàǹpàkò mi, ó gbé e lé ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Màmá, kò rí ìlà kankan o. Kí lẹ fi ìka yín ṣe?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

“Dìpúlọ́ọ̀mù mi nìyẹn,” ni mo wí. “Kọ ọ́ síbẹ̀.”