Ọta Òkété

Lásìkò Kérésì, bí àwọn ọmọdé bá ti yin báńgà ní ìlú Òde-Ayé, òórùn ẹ̀tù máa ń gbé mi padà sẹ́yìnkùlé wa, níbi tí bàbá mi ti ń ṣa ọta fún ṣakabùlà rẹ̀.

Ó ní òkété ló ń jẹ ẹyìn wa lóko. Ṣùgbọ́n ó ti ọta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbé àwọn ńláńlá tí wọ́n fi ń pa ìgalà lé ẹnu ìbọn, ó ń wo èyí tó máa bá a mu. Mo fura, torí kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi náà ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá Fúnmi, òkété wo ló tóbi tó yẹn?"

Bàbá mi tún mú ọta ńlá mìíràn.

"Ó dáa, ẹ mú Fúnmi dání."

Bàbá mi wò mí títí. Ó da ọta ńlá padà sínú agolo, ó sì bu wẹ́wẹ́.

Àbúrò rẹ̀, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, darúgbó kó tó kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ìyá mi rọra sọ sí mi létí pé, "Òkété bàbá rẹ nìyẹn."