Irinwó Ẹsẹ̀ Lára Ògiri

Ẹ bá mi wo ògiri yìí ná! Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìṣó ni. Orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ni bébà kan wà, ara bébà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ya àtẹ́lẹsẹ̀ méjì sí: níbì kan, ọ̀tún gùn, òsì kúrú; níbòmíràn, òsì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ọ̀tún tín-ín-rín bí ọ̀bẹ. Bébà náà tó igba. Kò sí ẹsẹ̀ méjì tó dọ́gba níbẹ̀, obìnrin tó ni yàrá náà sì mọ gbogbo wọn bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀.

Aránbàtà ni obìnrin náà, kì í sì í ṣe aránbàtà lásán o! Bàtà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba nìkan ló ń rán. Òun gan-an, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́ta kúrú sí ọ̀tún láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà tó wà ní kékeré, àkísà ni ìyá rẹ̀ máa ń kì bọ imú bàtà rẹ̀. Bó bá fi máa di ọ̀sán, àkísà á ti ṣù jọ bí òkúta sábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyà yẹn ló lé e lọ bá bàbá rẹ̀, tó ń rán bàtà lẹ́bàá títì, pé kó kọ́ òun níṣẹ́. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó rán bàtà kan tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mu. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn dé òpin àdúgbò, ó padà, ó tún lọ. Ó ní ọjọ́ yẹn lòun tó mọ̀ pé òkúta ilẹ̀ kò pọ̀ tó bí òun ṣe rò.

Ṣùgbọ́n níbo lèèyàn á ti rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba? Ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í polongo ara wọn. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí pèèjì fún un lórí ìkànnì tí gbogbo ayé wà, ó sọ ọ́ ní Ọ̀kan-ò-jọ̀kan, ó sì gbé fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síbẹ̀ nínú bàtà pupa. Háà! Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, èèyàn ti ń ya wọlé láti ìlú tí kò mọ̀ rí. Ẹnì kan kọ̀wé pé, “Mo rò pé èmi nìkan ni.” Aránbàtà kà á, ó pa fóònù, ó sunkún, ó tún tan fóònù, ó tún un kà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Oníbàárà á gbé ẹsẹ̀ lé bébà nílé rẹ̀, á fi pẹ́ńsù yí i ká, á gbé báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí aránbàtà lè mọ bó ṣe tóbi tó, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́. Aránbàtà á tún un yà sórí bébà tirẹ̀, á kọ orúkọ sí i, á fi kọ́ ìṣó. Orúkọ wo? Orúkọ tí onítọ̀hún ń jẹ́ lórí ìkànnì ni o! Òdòdó-Àárọ̀. Ọ̀gá-Bọ́ọ̀lù-Méje. Ìyá Adúmáadán. Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì wà nínú lẹ́tà tí wọ́n jọ ń kọ síra wọn lórí ìkànnì. Kí ló tún fẹ́ dà á kọ fún? Bó bá fẹ́ rí wọn, á tẹ orúkọ, wọ́n á jáde. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ pa, ó kó wá sí yàrá ẹ̀yìnkùlé yìí. Ta ló ń wá títì, nígbà tí ayé ń gba inú fóònù wọlé?

Ìgbà náà ni ìkànnì yí padà.

Kò pariwo. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni aránbàtà gbé bàtà tuntun sórí pèèjì, ó ń retí. Tẹ́lẹ̀, kó tó wẹ̀ tán, ọgọ́rùn-ún èèyàn á ti kí i. Lọ́jọ́ yìí, èèyàn mẹ́rin ni. Àbúrò rẹ̀ wà nínú mẹ́rin náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ka fọ́tò sí mọ́,” ni àbúrò wí nígbà tó dé. “Fídíò ni wọ́n ń fẹ́. Ohun tó bá ń mira ni wọ́n ń tì síwájú.”

“Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá tó ń tẹ̀ lé mi ńkọ́?”

“Wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé yín. Wọn ò kàn rí yín ni.”

“Irú ìtẹ̀lé wo nìyẹn? Ṣé àwọn afọ́jú ló ń tẹ̀ lé mi ni?”

“Ẹ ṣáà jó díẹ̀ fún wọn.”

“Kí n jó? Ẹsẹ̀ wo ni kí n fi jó, ìwọ ọmọ yìí? Èyí tó gùn ni àbí èyí tó kúrú?”

“Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Ó jó. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó jó! Ó wọ bàtà pupa, ó jó láàárín awọ àti ìgò gọ́ọ̀mù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn sì ti wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbúrò ń fò sókè bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Àfi ìgbà tí aránbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. “Ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ!” “Mọ́tò tí táyà rẹ̀ jò.” Nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, ẹnì kan ò béèrè bàtà. Ìkànnì gbé e lọ bá àwọn tó ń wá ẹ̀rín, kò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìkànnì wá fi dúdú bo fọ́tò mẹ́tàdínlógún lórí pèèjì rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé, “Àwòrán yìí lè kó àwọn kan nírìíra.” Ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà nínú wọn. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n tún un wò. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni èsì dé: a ti tún un wò, bó ṣe rí náà nìyẹn.

“Ìṣẹ́jú àáyá méjì!” ni aránbàtà wí. “Èmi tí mo ni ẹsẹ̀, ogún ọdún ni mo fi wò ó kó tó dùn ún wò lójú mi.”

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ sílípáàsì. Ó wá jókòó sórí àpótí, ó wo ògiri títí.

“Ìyàwó mi,” bó ṣe máa ń bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ ṣeré nìyẹn, “àyè kan ṣí lọ́dọ̀ mi. Ìparí oṣù ni mo lè dì í mú dé.”

“Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi. Bí oṣù bá parí tí bàtà kan ṣoṣo ò jáde ní yàrá yìí, mo ń bọ̀.”

Ó mọ ohun tó gbójú lé. Bàtà ọmọ Ìyá Adúmáadán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò tó ìdajì òsì. Láti ìgbà tó ti ń rìn, aránbàtà ti rán bàtà mẹ́rin fún un. Wọn ò fojú rí ara wọn rí, síbẹ̀ “Ìyá Bàtà” ni ọmọ náà ń pè é. Karùn-ún rèé, èyí tó máa wọ̀ padà sílé ìwé, òdòdó yẹ́lò sì gbọ́dọ̀ wà létí rẹ̀, ọmọ ló ní kó wà níbẹ̀. Ó rán an tán, ó nu gọ́ọ̀mù kúrò lára rẹ̀, ó ṣí fóònù láti sọ fún ìyá ọmọ.

Àpótí lẹ́tà ṣófo. Gbogbo rẹ̀.

Àṣé ìkéde kan ti wọlé lóṣù tó kọjá, ó gùn bí ìwàásù, gọ́ọ̀mù sì wà níka rẹ̀, ló bá fi ìgúnpá tẹ “Mo gbà” kó lè ráyè padà sídìí iṣẹ́. Ohun tó gbà rèé: lẹ́tà àwọn oníṣòwò ń kó lọ síbi tuntun, èyí tí ẹni tó ni ín kò bá kó pamọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, a ó nù ún.

Ó tẹ orúkọ náà. Ìyá Adúmáadán lé ní igba lórí ìkànnì! Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọmọ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kéré? Bàtà rẹ̀ ti ṣe tán.” Nígbà tó dé ẹni kọkànlélógójì, ojú fóònù yí padà. “Ìwà rẹ jọ ti ẹ̀rọ. A ti ti pèèjì yìí pa.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣí òmíràn,” ni àbúrò wí.

“Ta ló máa mọ̀ pé èmi ni? Tí ìyá ọmọ yẹn bá ń wá mi báyìí, kí ló máa rí?”

Àbúrò gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo ògiri. “Ẹ ò wá kọ nọ́ńbà ẹnì kankan síbì kan?”

“Ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ.”

Oṣù parí. Ilé ìwé wọlé. Bàtà olódòdó yẹ́lò ṣì wà lórí pẹpẹ, ẹsẹ̀ ọmọ kì í sì í dúró de bàtà. Aránbàtà wọ bàtà pupa rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó fi irinwó ẹsẹ̀ sínú òkùnkùn.

Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ sílípáàsì kò le. Ó jókòó sídìí rọ́bà gígùn tó ń gbé sílípáàsì kọjá, á mú ọ̀tún, á mú òsì, á gbé wọn lé ara wọn. Bí wọ́n bá dọ́gba, á dì wọ́n sínú ọ̀rá. Bí wọn ò bá dọ́gba, garawa. Lọ́jọ́ kẹta, méjì kan dé tí òsì rẹ̀ kúrú. Ó gbé wọn dání, ó ń fi àtàǹpàkò wọn ibi tí ọ̀kan fi gùn ju ìkejì lọ.

Obìnrin tó jókòó tì í fi ìgúnpá gbún un. “Ẹ sọ ọ́ nù jàre, ìyá. Òmíràn ń bọ̀.”

Lóòótọ́, òmíràn ń bọ̀. Ó sọ ọ́ sínú garawa.