Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì àti Mẹtọdọ-ló-jí

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe ìwádìí ní agbègbè Pobè, ní ilẹ̀ Benin, bá dárúkọ olóògbé Ọ̀ṣẹ́nì, ará Sakété tó máa ń mú wọn wọ abúlé, ọ̀rọ̀ abọ́ Issaba ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ.

Chancelle, ọmọ Àjàṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ dá lórí bí oúnjẹ ṣe ń kárí nínú ilé àgbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ti dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ó parí.

Ní ilé àkọ́kọ́ ní abúlé Issaba, ó ṣí ìwé ìbéèrè rẹ̀.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ ní?"

"Ọlọ́run ló mọ̀."

Ilé kejì: Ọlọ́run ló mọ̀. Títí di ọ̀sán, ilé méjìlá, èsì kan.

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì yọjú wo ìwé náà. "Chancelle, Ọlọ́run nìkan ni kí o lọ bi ní ìbéèrè. Àwọn tó kù ò mọ nǹkan kan."

"Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mẹtọ́dù ni."

"Ta ní ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ?" Ó yíjú sí obìnrin ilé kẹtàlá. "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Abọ́ mélòó lẹ máa ń bu oúnjẹ sí lálẹ́?"

"Mẹ́sàn-án," obìnrin náà dáhùn wàrà. "Ti bàbá wọn ló tóbi jù, ó sì tún ń kùn."

Ọgbọ̀n ilé ni wọ́n fi abọ́ kà. Ní ọjọ́ kẹta, Chancelle dúró gbagidi lójú ọ̀nà. "Bàbá, ọmọ méjì lè jẹ nínú abọ́ kan. Kí la wá ń kà gan-an?"

Bàbá pàtẹ́wọ́.

"Ó jí! Mẹtọ́dù, èèyàn lè máa sùn kó máa ṣe é: ka abọ́, kọ ọ́ sílẹ̀, ka abọ́. Èyí tó ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ abọ́, àti ohun tí abọ́ ò lè sọ, mẹtọdọ-ló-jí nìyẹn. Òun ló jí!"

"Mẹtọdọlojí ni, Bàbá. Faransé ni."

"Faransé náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀."

Wọ́n padà sí ọgbọ̀n ilé náà, wọ́n ń béèrè ta ló ń bá ta jẹun. Bàbá ń ráhùn lọ, ó ń ráhùn bọ̀: "Ìwọ lo jí, orúnkún mi ló ń jìyà."

Kì í ṣe iṣẹ́ Chancelle nìkan ni Bàbá ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Àríyọ̀ tó ń fi alùpùpù zẹ́mì gbé èrò ní Pobè kò jẹ́ dá iye owó kan fún un mọ́. Bí ó bá ti dá a, Bàbá á béèrè bó ṣe rò ó, ìdí tó fi rò ó bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó kọ́ ọ. "Bàbá, ẹ ṣáà gùn ún," ni Àríyọ̀ máa ń wí, "kí n lè ráyè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mi."

Oṣù tí Chancelle fẹ́ lọ gbèjà ìwé rẹ̀ ni Bàbá kú.

Nígbà tó dé iwájú àwọn olùkọ́, èyí tó dàgbà jù fi òkè ojú wò ó. "Kí ni ìyàtọ̀ mẹtọ́dù sí mẹtọdọlojí?"

Ọ̀kan sùn, ọ̀kan jí. Chancelle sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé abọ́ Issaba. Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Àgbà náà mú gègé.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọ̀ṣẹ́nì, ará Sakété."

"Ọdún wo ló tẹ̀ ẹ́ jáde?"

"Kò tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá. Ó ń sọ ọ́ kiri ni."

Wọ́n gba ìwé náà. Lọ́jọ́ kejì, Chancelle gbé e lọ sí Sakété fún Ìyá Màrúfátù, opó Bàbá. Màmá gbà á, ó gbé e sáyà, ó ní kí ó jókòó jẹun.

Ó bu ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó bu ti Chancelle, ó bu tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu abọ́ karùn-ún, òun ló tóbi jù.

Chancelle kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Màmá rí i.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Bí mo bá bù ú kéré, á tún kùn."

Èèyàn mẹ́rin, abọ́ márùn-ún. Chancelle ò béèrè ìdí.