Má-tẹ̀-ẹ́ Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti wọgbó. Má-tẹ̀-ẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, iṣẹ́ ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé iṣẹ́ kan ló ń fi omi ọṣẹ nù láràárọ̀. Bó bá ti rí bàtà tó ń bọ̀, yálà ti ọ̀gá ni o, yálà ti ẹni tó ń wáṣẹ́, á ké tòò: "Má tẹ̀ ẹ́! Kò tíì gbẹ!" Kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nídìí ẹ̀, ó ní kí òun tó sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, sà", ẹsẹ̀ á ti balẹ̀. Ọ̀gá àgbà pàápàá ti fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀ rí, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí Màmá má bínú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, ibi iṣẹ́ ló wà. Kó tó délé, àwọn aládùúgbò ti ṣàánú rẹ̀: wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fọ ife tí ọkùnrin náà fi mu nǹkan kẹ́yìn, ó ń dán lórí tábìlì. Nígbà tí dókítà béèrè pé kí ló mu, wọ́n ń wojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín tòun tìdáhùn rẹ̀. Má-tẹ̀-ẹ́ ò bá wọn jà. Ta ló ń bá ẹni tó báni fọ ife jà? Àmọ́ títí dòní, bó bá ń fọ ife, ọwọ́ rẹ̀ á kàn dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbe ta nísàlẹ̀ ilé tó ń gbé. Yàrá Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe, ni. Ọlọ́yàyà èèyàn ni bàbá yìí; kò sí ohun tó kán tí kì í fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ̀, títí kan agboòrùn àti awò ojú rẹ̀. Ó máa ń ní ìwà ọkọ ọmọ òun nìkan ni gọ́ọ̀mù òun ò ràn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbé tíì àti búrẹ́dì wá, tó bá a nílẹ̀. Má-tẹ̀-ẹ́ wọlé, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ara ti tutù bíi símẹ́ńtì. Ẹ̀jẹ̀ wà ní orí rẹ̀, àga ti dojú dé, àfọ́kù tó jọ ti ìgò kún ilẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ibi tó tẹ̀ wọlé ló tẹ̀ jáde.

Èrò ti pé jọ. Wọ́n ní láàná, bàbá àti ọkọ ọmọ rẹ̀ pariwo mọ́ra wọn. Ojú gbogbo èèyàn ti wà lára ọkọ ọmọ yìí, tó fara ti ògiri.

Bàbá onílé pàṣẹ: "Ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ to àga, àlejò ń bọ̀."

Ọmọbìnrin náà ti mú ìgbálẹ̀. "Wọn ò ní bá ilé bàbá mi báyìí."

Má-tẹ̀-ẹ́ fi igi ìnulẹ̀ tó mú bọ̀ látòkè dábùú ẹnu ọ̀nà. "Má tẹ̀ ẹ́!"

"Ilẹ̀ ò kúkú tutù," bàbá onílé ní.

"Ẹ pe ọlọ́pàá. Títí wọ́n á fi dé, èèrà ò ní wọ ibí."

"Ìwọ anulẹ̀-ọ́fíìsì! Ìgbà wo lo di ọ̀gá ọlọ́pàá?"

"Láàárọ̀ yìí ni. Wọn ò tíì rán aṣọ mi tán."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn tipátipá.

"Ilé mi nìyí o!"

"Ilé yín ni, Bàbá. Ẹ bá wa dúró níta rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ jẹ́ n gbálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni."

Má-tẹ̀-ẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ ta ni gbogbo wọn ń wò yẹn?"

Ọmọbìnrin náà wẹ̀yìn, ó rí ọkọ rẹ̀.

"Bó o bá gbá a, tí ọkọ rẹ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀, kí la ó fi gbà á sílẹ̀? Bó bá sì mọ̀ nípa ẹ̀, kí la ó fi mú un? Èmi ní ife kan nílé, ó mọ́ tónítóní. Kò sọ nǹkan kan fún mi rí."

Ọmọ náà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì wá dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà.

Ọlọ́pàá tó dé, obìnrin gíga kan ni. Ó ta okùn sẹ́nu ọ̀nà, ó ya fọ́tò ohun gbogbo kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àfọ́kù yẹn fẹ́lẹ́ ju ti ìgò lọ. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè: kò sí gílóòbù lójú iná. Ìdí gílóòbù náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Ẹsẹ̀ àga kan ti yọ, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, gọ́ọ̀mù bàtà ṣì ń fà lára rẹ̀ bí oyin.

"Dókítà á ṣì yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní, "àmọ́ ó jọ pé Bàbá lẹ àga, wọn ò dúró kó gbẹ, wọ́n gùn ún láti pààrọ̀ gílóòbù."

Ohun tí dókítà náà padà sọ nìyẹn.

Ọkọ ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ohun tá a pariwo lé lórí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n má gùn ún. Ta ni ì bá gbà mí gbọ́?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tí ì bá gbà á gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n tú okùn, ọmọbìnrin náà àti Má-tẹ̀-ẹ́ jọ gbálẹ̀, wọ́n jọ nù ún. Bàbá onílé wá kí wọn kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́nu ọ̀nà, ó rí omi, ó rí Má-tẹ̀-ẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ náà há òfuurufú.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ, Bàbá."

Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó sì dúró.