Obìnrin Tó Ṣẹ́ Pàṣán Lọ́wọ́

Fíríìjì ló pa ìyá wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ilé ìdáná tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ló wà nínú omi, ó ní kí òun mú omi tútù mu, ó di ilẹ̀kùn fíríìjì mú, kò sì lè tú u sílẹ̀ mọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó rí igi tó fi gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn tó wá yẹ ilé náà wò sọ fún wa pé wáyà ilẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ìyẹn wáyà aláwọ̀ ewé tó yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kó má baà gba ara èèyàn kọjá. Ẹni tó ṣe iná ilé wa gé e kúrú, ó ká a pamọ́ sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Lọ́jọ́ kejì tí a sin màmá, ó gbé ọmọ odó, ó gba ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ iná náà lọ. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń bẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni ń bá òkúta sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà rí i lókèèrè, ó bẹ́ gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn jáde. Orí tábìlì ni ọmọ odó balẹ̀ sí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù fọ́ yángá káàkiri ilẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà jáde síta, ọkùnrin kúkúrú kan tí apá rẹ̀ ki bí ìtì igi. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí yẹtí rẹ̀ fi fò bọ́ sínú gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi náà fọ́ ọ létí padà. Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ìyá mi tí ọmọ iṣẹ́ yín pa."

"Tí o bá fọ́ ọ lórí, ṣé ìyá rẹ á jí? Ohun tó pa á gan-an, o ò mọ̀ ọ́n. Tí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, wá kọ́ ọ."

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó gbá a létí nìyẹn. Gbogbo ẹbí ló ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ọkùnrin tó sá gba ojú fèrèsé yẹn ò padà wá síbẹ̀ mọ́.

Pàṣán ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pe ọ̀gá yẹn lẹ́yìn. Wáyà tó nípọn ló ṣẹ́ po, ó fi aṣọ wé ìdí rẹ̀ kó má baà dùn ún lọ́wọ́, òun ló sì fi ń kọ́ wọn níṣẹ́. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so gílóòbù kan mọ́ súìṣì kan. Tí o bá fi ọ̀bẹ ha bàbà inú wáyà nígbà tí o ń bó o, ẹ̀yìn rẹ gbà á. Tí ìdè bá dẹ̀, ẹ̀yìn rẹ gbà á. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ iṣẹ́ wá rí bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí.

Síbẹ̀, ohun tó ń sọ kì í ṣe irọ́. "Wáyà pupa ló ń gbé iná bọ̀," á wí, á sì nà wọ́n sí i. "Dúdú ló ń dá a padà. Pupa ni kí ẹ gbé gba inú súìṣì. Tí ẹ bá gbé dúdú gbà á, gílóòbù á kú lóòótọ́, àmọ́ ikú á ṣì lúgọ sínú rẹ̀."

Ọmọ iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí kò sí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tí kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ọ̀gá wa ò mú bírò rí, àmọ́ ẹ wo bó ṣe kọ̀wé sí wa lẹ́yìn." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín látìgbà tí màmá ti kú, ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín ló ń sọ fún mi, èmi ń fi omi gbígbóná tẹ ojú pàṣán lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán."

Ilé alájà kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lọ̀rọ̀ náà ti bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi òòlù àti irin gbẹ́ ojú ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí. Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí àkàbà ní ilé ìdáná, ó ń so wáyà òkè. Pàṣán wọlé, ó tú súìṣì ara ògiri wò, ó rí i pé wáyà dúdú ni Ẹlẹ́rìn-ín gbé gba inú rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹnu mi ti bó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iná fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ fún ọ."

Ẹlẹ́rìn-ín rò pé pàṣán ló fẹ́ lọ mú wá. Ó fi ọwọ́ kan di ẹnu wáyà mú, ó fi ìkejì di páìpù irin mú kó má baà ṣubú. Pàṣán dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé súìṣì àgbà, tó ń tan iná gbogbo ilé, sókè.

Igbe kankan ò jáde. Iná tó bá gbé èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kó lè ké. Àkàbà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí ó ń lu ògiri gbàgbàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi bojú wo ilé ìdáná, ó rí ojú Ẹlẹ́rìn-ín tó ti ranjú, eyín rẹ̀ fún pọ̀. Òórùn ẹran jíjó ti gba ilé.

"Ọ̀gá, ẹ pa iná náà."

Ọwọ́ Pàṣán wà lórí súìṣì. "Jẹ́ kó mọ̀ ọ́n díẹ̀ sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Eegun dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa súìṣì wálẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín já lulẹ̀ ní ilé ìdáná bí àpò sìmẹ́ńtì.

Pàṣán bú ramúramù. Ó fi ọwọ́ òsì fa wáyà kan, ó fi wé ọrùn ẹ̀gbọ́n mi látẹ̀yìn, ó sì ń fún un. Àwọn méjèèjì yí lórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi orí kàn án nímú lọ́nà ẹ̀yìn, ó ń kàn án, títí imú náà fi rún. Àwọn bíríkìlà ló sáré wá là wọ́n, Pàṣán sì gé ọ̀kan nínú wọn jẹ lápá kó tó fi wáyà sílẹ̀. Títí dòní, àpá yẹn yí ọrùn ẹ̀gbọ́n mi ká.

Ẹlẹ́rìn-ín ò kú. Àmọ́ wọ́n gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọsibítù.

Àwọn àgbà oníṣẹ́ iná pe ìpàdé. Kì í ṣe torí Ẹlẹ́rìn-ín o, torí pé ọmọ iṣẹ́ na ọ̀gá rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò tíì já gaara nígbà yẹn, ó ń dún fọ́fọ́.

"Ẹ bi í pé ta ló tan iná."

Wọ́n wojú Pàṣán. Mo rò pé á parọ́, kò parọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè, àpá kan gùn láàárín rẹ̀. "Èmi ni mo tàn án. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyí."

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín dìde níbi tó jókòó sí. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rìn lọ bá Pàṣán jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń fi bàtà náà lù ú lórí. Kò sí ẹni tó dì í mú. Pàṣán fúnra rẹ̀ ò gbé apá sókè. Nígbà tó rẹ obìnrin náà, ó padà lọ jókòó, ó wọ bàtà rẹ̀. Àwọn àgbà wá ní Pàṣán ò gbọ́dọ̀ gba ọmọ iṣẹ́ mọ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi àti Ẹlẹ́rìn-ín ló jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ pa súìṣì àgbà, á yọ fíúsì tí iná ń gbà kọjá, á fi í sápò ara rẹ̀, á wá fi tẹ́sítà yẹ ẹnu wáyà wò bóyá iná ṣì wà níbẹ̀. Kò ní pàṣán. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín pé ó ní sùúrù.

Títí di ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ gbá ilẹ̀ yàrá tó ṣókùnkùn, tó wá lọ fi fíúsì mìíràn sí ojú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi yọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó sì fẹ́ gbé súìṣì àgbà sókè, Ẹlẹ́rìn-ín sì wà nínú àjà níbi tó ti ń so wáyà. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó fa fíúsì yọ, ó yíjú, ó sì ṣu ẹ̀ṣẹ́ bo ọmọ náà lẹ́nu. Eyín rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nínú àjà, Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ nǹkan kan, orin ló ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ejò. Ọmọ náà ti sá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n sin òun lọ sílé wọn. Màmá ọmọ náà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ yọ eyín ọmọ mi, ẹ tún wá wo ojú rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Ohun tí mo ṣe ò dáa."

Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò kúrò. Oòrùn ń pa wá. Nígbà tó yá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ jáde, ẹnu rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó rẹ sómi. Ó dúró lókèèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mi ò ní ní kí o padà wá. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Tí o bá dé ilé kan tí o fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

Ọmọ náà sún mọ́ wa díẹ̀. Ó wá ń fi ẹnu wíwú yẹn kà á: á pa súìṣì àgbà, á yọ fíúsì, á fi í sápò, á kọ́kọ́ yẹ tẹ́sítà wò níbi tó mọ̀ pé iná wà kó lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, á wá fi yẹ wáyà wò, á sì béèrè bóyá ẹnì kan wà lókè kó tó dá nǹkan kan padà.

"O ṣeun," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a sì lọ sílé.