Àrọ̀ Kò Bá Wọn Gbé

Òórùn omi inú báàfù ẹlẹ́ja máa ń dá mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ẹgbẹ́dá. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ẹja, gbé àpótí gíláàsì kékeré àti ẹja inú bọ́kẹ́ẹ̀tì wálé fún mi. Wọ́n ń fi ìka díwọ̀n ẹnu ẹja kọ̀ọ̀kan. Èmi fẹ́ àrọ̀, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ẹnu eléyìí fẹ̀,” ni wọ́n wí. “Á gbé àwọn yòókù mì. Epìyà wẹ́wẹ́ mẹ́ta yìí ló lè jọ gbé.”

Màmá mi yọjú. “Ṣé ẹ ò ní padà síbi iṣẹ́ ni?”

“Ó rẹ̀ mí.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé yíyan ẹja mẹ́ta yẹn fún mi ni wọ́n fi parí iṣẹ́ ogún ọdún.