Igi Máńgòrò Tí Mo Sáré Lọ Bá

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Araromi, ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní pápá, etí òkun la ti ń sáré. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní irọ́ ni mò ń pa, nítorí ẹ kò bá iyanrìn etí òkun náà nílẹ̀. Mi ò ní bá yín jà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé.

Eré tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń wò lórí fóònù lọ́jọ́ sí ló mú mi rántí. Àwọn ọ̀dọ́ Lárúbáwá ni, láti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé ti ara wọn, wọ́n ń díje. Ọmọbìnrin kan tó fi ìborí borí ló ṣáájú. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé kọ́nà, mo pariwo pé, "Yà! Yà níbẹ̀!" Ọmọ ọlọ́mọ yà wẹ́rẹ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ni ọmọ-ọmọ mi bá bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá àgbà, ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ń yà níbẹ̀?"

Èmi ni. Èmi ni mi ò mọ̀.

Ará òkè, níbi tí kò sí òkun, ni tíṣà wa, ó sì fẹ́ràn mi nítorí pé ẹsẹ̀ mi yá. Bí omi bá ti fà, tí iyanrìn le, á ní ká tò, á na ọwọ́ sí igi àgbọn kan lọ́ọ̀ọ́kán: "Ẹ gbójú mọ́ igi yẹn, ẹ má wo ẹnikẹ́ni." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sá a lójoojúmọ́, tààrà. Wọ́n wá ní ìdíje yóò wà lókè láàrin àgbègbè wa àti àwọn tó múlé tì wá, pé ọmọbìnrin tó bá ṣe ipò kìíní yóò lọ sílé ẹ̀kọ́ girama lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi ti sọ tirẹ̀: bí mo bá ti ka ìwé mẹ́fà tán, ìdí ẹja yíyan ló kù, lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe eré lásán ni mo fẹ́ lọ sá.

A wọ ọkọ̀ ojú omi, a tún wọ mọ́tò. Wọ́n ní ká yí pápá po lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fọn fèrè, ojú mi ti ń wá igi, ó sì rí máńgòrò kan lódìkejì. Mo sá! Mo fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ìlà funfun yà sósì, èmi ń lọ ní tèmi, mo já sáàrin èrò, mo gbá igi máńgòrò mú, mo ń yọ̀ pé mo ti borí. Ẹ̀rín àwọn èèyàn ló ta mí jí.

Nígbà tí à ń padà, tíṣà kò bá mi wí. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo gbàgbé pé ẹ̀yin kò sáré gba kọ́nà rí." Ìyá mi ti ń dúró ní èbúté. Ó wojú mi. "Ọma mi, máa bọ̀," ló fi ẹ̀ka èdè wa sọ, ó gba àpò mi. Ìdí ẹja náà ni mo lọ, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ó dùn mí títí dòní.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Kí ni mo fẹ́ wò lẹ́yìn? Òkun ti gbé igi àgbọn yẹn, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, ó gbé ilé bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kó ilé sẹ́yìn fún un.

Ọmọ-ọmọ mi ní kí n kọ́ òun ní eré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mo ti rí i lórí afárá pákó tí a fi ń rìn lórí omi báyìí. Ó ní ká lọ síbi tí mo ti ń sá a. Mo mú un jáde, mo nawọ́ sí ibẹ̀: ọkọ̀ apẹja kan ló ń kọjá lọ lórí omi. Mo ti mọ kọ́nà wàyí, ilẹ̀ tí màá ti kọ́ ọ ni kò sí.